Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ Sẹ́yìn Ọkọ̀

Wọ́n ní kí n kọ ìwé fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. Tíṣà tó wá bá mi nílé ní kí n jẹ́ kí ó tura, kí n sọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe dára tó, kí n sì jọ̀ọ́ má bínú jù. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé mo máa ń bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo Aládé, àdúgbò wa ní Ìdànrè, ló mọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìbínú, kó lọ bá ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí mo fi ohun tó lé ní ogójì ọdún ṣe, inú rẹ̀ gan-an ni ìbínú mi wà, n kò lè yọ ọ́ kúrò kí n wá kó ìyókù fún yín.

Akínbọ̀dé lorúkọ mi. Lẹ́tà ni mo ń kọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ o, lẹ́tà ara ọkọ̀ ni. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, bí ẹ bá rí ọkọ̀ akẹ́rù tàbí bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìdànrè bọ̀, tí òyìnbó gàdàgbà-gàdàgbà wà lẹ́yìn rẹ̀ àti lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ bi mí bóyá owó wà níbẹ̀, ó bọ́ èmi àti ìyàwó mi, ó rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní ìwé kejì, bí ilé ìwé tèmi ṣe parí nìyẹn. Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kòkó fún àwọn olóko. Ó ń fọ́ kòkó, ó ń sá a, ó ń rù ú wá sí ojú títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, á jókòó sórí àpáta, á máa fi àwa tí à ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bọ̀ nísàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jeremáyà ní Aládé. Ó ní òun fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo, ó kéré tán, mọ òyìnbó nínú ilé wa. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn dání. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ẹni tó bá ń kọ òyìnbó, ó mọ òyìnbó nìyẹn. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá Jeremáyà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Aṣọ funfun rẹ̀ máa ń mọ́ lau lọ́jọ́ Sunday, láàárín ọ̀sẹ̀ náà ẹ kò ní rí ẹ̀kán ọ̀dà kan lára ṣòkòtò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ lẹ́tà O, O nìkan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lórí pákó. Ọ̀gá á gbé ọmọrí ìkòkò lé e. Bí ṣọ́ọ̀kì bá yọ níbì kan, ríúlà á bá ìka ọwọ́ mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn O, ó fún mi ní S, ojú mi sì rí nǹkan. N kò bínú sí ìyẹn. Títí di òní, bí mo bá rí S tó dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàìsàn lára ọkọ̀, ọwọ́ máa ń yún mi.

Ohun tí mo bínú sí ni èyí. Ọ̀gá ní ìwé kan tó fi bébà àpò símẹ́ńtì dì lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń lọ sára ọkọ̀ wà, ní lẹ́tà ńlá kí á lè máa wò ó kọ. Kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀. Ipò tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa wà lára ọkọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iwájú wà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn wà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ wà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sì wà. Báyìí la ṣe mọ òyìnbó. Oníbàárà á wá, á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kan àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn méjì sí i." Ọ̀gá á ṣí ìwé, á nàka sí wọn, èmi á gbé búrọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó ń lọ, òyìnbó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó wá sọ.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan ní ọdún kejì mi. Mo fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí túmọ̀ sí?"

Ríúlà ló kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè. "Ọwọ́ rẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ mú wá fún mi. Kò mú ẹnu rẹ wá."

Mo padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ayé mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kẹrin mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́pò pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa nígbà náà. Àkókò ìkórè kòkó ni, ọkọ̀ akẹ́rù tuntun kan sì dé sí Aládé. N kò ní dárúkọ ẹni tó ni ín, torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kan ni ó ní kí a kọ síbẹ̀, NO PASSENGERS. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọ̀gá máa fa iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ ọ́ ní pupa, mo fi funfun ṣe òjìji fún un. Àwọn S mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun. Ọ̀gá yípo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Bí Ọ̀gá Jeremáyà kò bá ti sọ nǹkan, ó ti yìn yín nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń kó àwọn obìnrin tó fẹ́ lọ fọ́ kòkó lóko. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Bó ṣe rí lẹ́tà yẹn, ó ké.

"Akin! Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ó fọwọ́ kan N, ó wo ìka rẹ̀ bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Ó wá yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Àbúrò mi nìyí o! Ẹ wá wo òyìnbó!" Wọ́n pé jọ bò mí. Ìdùnnú kún ojú rẹ̀, ó wá bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí ẹnikẹ́ni bi mí. "Kí ló wí?"

Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, kò gùn, kò sì le láti pè. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò mí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi mí yangàn tán. Ojú ń tì mí láti dójú tì í. Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Àdúrà ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run mú wa lọ, kó mú wa bọ̀ láyọ̀."

"Àmín!" Gbogbo wọn ló ṣe é, ohùn ti ẹ̀gbọ́n mi ló ròkè jù. Wọ́n bá gun ọkọ̀.

Dírẹ́bà gbọ́ o. Ó mọ ohun tí mo kọ, torí pé ọ̀gá rẹ̀ ló rán an wá sọ́dọ̀ wa. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe máa ń rí ẹ̀rín yẹn lójú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bọ̀ láti oko. Ọkọ̀ kún fún àpò kòkó, àwọn obìnrin wà lórí àpò. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó kọjú sí afárá, bíréèkì kọ̀, kò mú mọ́. Àwọn tí ojú wọn là rí i pé ọkọ̀ ti ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fò bọ́ sínú igbó. Ara wọn bó, ọwọ́ wọn rọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kò fò. Ó ń sùn. Ọkọ̀ dojú dé létí odò, àpò kòkó sì wó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ṣẹ́ síbi méjì. Nígbà tó jinná, ó jinná ní wíwọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ọ̀pá rìn. Kò tún gun àtẹ̀gùn òkè mọ́ láyé rẹ̀, bí àwa bá ń gòkè, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbẹ̀ láti wá apẹ̀rẹ̀ àti gèlè rẹ̀. Mo bá sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan níbẹ̀ pẹ̀lú aṣojú ẹni tó ni ọkọ̀, ọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, lẹ́tà mi ń tàn nínú oòrùn. Kò bó níbì kankan.

Aṣojú yẹn nàka sí i. "Sájẹ́ǹtì, ẹ bá mi kà á."

Sájẹ́ǹtì kà á. Ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ará ìlú tó dúró yí ká. "Ó ní ọkọ̀ yìí kì í gbé èrò. Kí èrò má wọ̀ ọ́."

"A ti kìlọ̀ fún wọn nìyẹn," ni aṣojú wí. "Wọ́n rí i, wọ́n ṣì gùn ún. Ọ̀rọ̀ wọn kò kan ọ̀gá mi." Ẹnì kan sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́. Ó gbá mi léjìká. "O ṣeun, ọ̀dọ́mọkùnrin. Lẹ́tà rẹ yanjú. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé òun kò rí i."

Ọ̀nà tí mo gbà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Mo gbé gèlè ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi dá a lẹ́bi. Inú bí mi sí aṣojú yẹn, inú sì ń bí mi sí i di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Dírẹ́bà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ló kó àwọn obìnrin wọ̀nyẹn láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ran àwọn àgbà inú wọn gòkè. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ ní èdè tí wọ́n mọ̀ dájú pé ẹni tí wọ́n ń kìlọ̀ fún kò gbọ́, wọ́n wá pè é ní ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ bá mi wá orúkọ tí à ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n tíṣà ti kìlọ̀ fún mi.

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá Jeremáyà. N kò kí i. "Ọ̀gá, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn wí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gun ọkọ̀ yẹn!" Mo dúró de ríúlà. Ríúlà kò wá. Ọ̀gá ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Ọ̀gá mi ló fún mi ní ìwé yẹn. Òun náà kò mọ̀ ọ́n."

Èmi tí mo wá jà, n kò rí ẹni bá jà mọ́. Ṣé ẹ rò pé mo dárí jì í? Rárá o. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀, ó bi ọ́ léèrè. O lè sọ pé, "Èmi náà kò mọ̀, jẹ́ ká jọ lọ béèrè." Ríúlà lo fi bo ojú ara rẹ. Bí ó bá sọ ọ́ fún mi ní ọdún kejì pé òun kò mọ̀, bóyá èmi náà ìbá ti lè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún kẹrin.

Torí pé n kò sọ ọ́ fún un. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn. Nígbà tí ó lajú ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Akin, àdúrà tí o kọ yẹn ni kò jẹ́ kí n kú." Kí ni kí n wí? Mo bá a tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ó gbé ẹ̀rí náà lọ sí ìjọ. Ó jẹ́ ẹ ní ìdúpẹ́, ó jẹ́ ẹ ní ìkórè, ó jẹ́ ẹ níbi ìkómọ àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Àbúrò mi kọ àdúrà sẹ́yìn ọkọ̀, Ọlọ́run sì gbọ́." Ìjọ á pariwo halelúyà, èmi á máa wo ilẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, irọ́ yẹn ń le sí i láti yọ, torí pé ó ti fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ́lé sórí rẹ̀.

Nígbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo ra ìwé kan, mo lọ bá Ìyáàfin Akínmádé, tíṣà kan tó ń gbé lẹ́yìn páàkì. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi ní gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó tó jẹ mọ́ ọkọ̀ àti ìrìn àjò. Wọ́n ní kí nìdí tí n kò fi kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Mo ní kíkí kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ rí. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n òfin kan wà. Ọ̀rọ̀ tí n kò bá lè nàka sí ohun tó ń sọ, a kò ní fàlà sí i pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, mo gbádùn ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí a dé orí *luggage*, ẹrù ìrìn àjò, wọ́n bá mi lọ sí páàkì láti wò ó. Mo nàka sí àpótí, mo nàka sí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ká, mo nàka sí apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?" Ẹni tó ni ewúrẹ́ ní ẹrù ni. Dírẹ́bà fi àáké kọ́rí, ó ní ohun tó bá ń ké nínú ọkọ̀ òun, èrò ni. A kò parí àríyànjiyàn yẹn títí ọkọ̀ fi gbéra. *Ferry* wà nínú ìwé mi láìfàlà sí títí mo fi dé Igbókọ̀dá, tí mo rí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò sọdá. *Platform* dúró fún ọdún mẹ́jọ kí n tó fẹsẹ̀ tẹ pèpéle tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Ní ti *runway*, ọ̀nà tí bàálù ń sá lé kó tó fò, mo lọ dúró lẹ́yìn wáyà pápákọ̀ òfuurufú ní Àkúrẹ́, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ọdẹ bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ni mo wá wò. Ó ní kí n máa lọ kó tó fi mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo ti rí i, mo fàlà sí i, mo sì lọ.

Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, n kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sára ọkọ̀ láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, mo sì máa ń kọ Yorùbá sábẹ́ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ ẹ. Ẹnì kan tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta ní kí n pa Yorùbá rẹ́, ó ní ó ń sọ ọkọ̀ òun di ti ará oko.

Mo ní, "Ta ló ń wọ̀ ọ́?"

Ó ní, "Ará oko ni."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn." Ó kó bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kó máa kó o lọ. Gbogbo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìtumọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ́ wọn, kí n tó fún wọn ní O. Mo lo ríúlà náà o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orí S ni mo ti lò ó, n kò lò ó fún ìbéèrè rí.

Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lú sitíkà. N kò bínú sí kọ̀ǹpútà. O rẹ̀ rí rogodo ju tèmi lọ, Ọ̀gá Jeremáyà ìbá fi ọmọrí ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo kó búrọ́ọ̀ṣì mi sínú agolo, mo fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ìjà mi ti parí.

Láìpẹ́ yìí, mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí páàkì Aládé láàárọ̀, à ń lọ sí Àkúrẹ́ láti ṣàyẹ̀wò ojú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bọ́ọ̀sì kan ń dúró de èrò. Sitíkà pupa kan wà lára fèrèsé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, EMERGENCY EXIT. Wọ́n sì ti fi irin mẹ́ta jó fèrèsé náà pa.

Ẹ̀gbọ́n mi fi orí ọ̀pá wọn kan sitíkà. "Akin, kí ló wí?"

Ìbéèrè kan náà. Ohùn kan náà. Mo fọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Ó ní ibí ni kí á gbà sá jáde bí ewu bá dé. Irọ́ ni, Àǹtí. Irin ni wọ́n fi dí i."

Mo yíjú sí dírẹ́bà, ọmọ kékeré kan tó ń tẹ fóònù. "Ta ló lẹ èyí síbí?"

"Bàbá, gbogbo bọ́ọ̀sì ló ní i. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́! Ọ̀gá Jeremáyà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yìí. Ó lọ sílé ìwé, ó ka ìwé mẹ́wàá, ó ní ayé nínú fóònù, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo gbaná jẹ. Mo ka ọ̀rọ̀ náà, mo túmọ̀ rẹ̀, mo gbá irin yẹn mú, mo mì ín. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Agbèrò ní, "Bàbá, ẹ rọra, nítorí sitíkà?" Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí dírẹ́bà ṣe? Ó dìde, ó fi èékánná ṣí sitíkà náà kúrò, ó ká a, ó jù ú nù. "Ó tán, Bàbá. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́." Irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀.

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Omi ti wà lójú mi, n kò mọ ìgbà tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. Ibẹ̀, ní páàkì, láàárín ariwo ọ̀kadà, ni mo ti sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ ohun tí mo kọ, mo sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, mo sọ pé irọ́ ni àdúrà yẹn. N kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Wọ́n gbé ọ̀pá wọn dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn Ìdànrè wa ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo yín lè gbọ́.

"Akin. Ọkọ̀ mìíràn wà lọ́jọ́ náà?"

"Kò sí, Àǹtí."

"Bí o bá kà á fún mi bó ṣe wí, ṣé mi ò ní gùn ún?"

"Ẹ máa gùn ún."

"Màá gùn ún. Iṣẹ́ ni mò ń lọ." Wọ́n fọwọ́ ra orúnkún wọn. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sùn. Mo rí i pé dírẹ́bà yẹn ń sáré. Mo sọ fún ara mi pé Akin ti kọ àdúrà sẹ́yìn ọkọ̀, ni mo bá gbé orí lé àpò."

N kò lè wo ojú wọn.

"Gbogbo ẹ̀rí tí mo jẹ́ nínú ìjọ!" Inú ń bí wọn báyìí, ó sì tọ́ sí mi. "Àmín tí mo ṣe yẹn, ta lo ní kó gbà á?"

Bọ́ọ̀sì onírin gbéra, a kò wọ̀ ọ́. Ó tó wákàtí kan kí òmíràn tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá dábùú ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kọjá.

"Kà á," ni wọ́n wí. "Bó ṣe wí gan-an ni kí o kà á. Bó bá jẹ́ àdúrà, èmi ni màá mọ̀."

Mo yí ọkọ̀ náà po. Mo ka ọ̀rọ̀ iwájú, mo ka ti ilẹ̀kùn, mo ka ti ẹ̀gbẹ́, mo ka ti ẹ̀yìn, mo ń túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ ti fèrèsé tó yẹ kó ṣí, ó ṣí. Àwọn èrò ń kùn lẹ́yìn wa, ẹ̀gbọ́n mi kò dá wọn lóhùn. Wọn kò ṣe àmín sí ọ̀kankan. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n nawọ́ sí mi, mo fà wọ́n wọlé. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú wọn là kedere títí a fi dé Àkúrẹ́.